Géèmù tó da RPG pọ̀ mọ́ RTS: ìbéèrè àti ìdáhùn

Kí ni ẹ̀ ń pè ní géèmù tó da RPG pọ̀ mọ́ RTS?

RTS ni géèmù ogun tí kò ní "ó kàn ọ́, ó kàn mí" nínú. Kò dà bí ayò, tí ẹ máa ta tiyín tán kí ẹnìkejì tó ta tirẹ̀. Ẹ̀ ń kọ́ ibùdó, ẹ̀ ń wa góòlù, ẹ̀ ń gé igi, ẹ̀ ń kó ọmọ ogun jọ, ọ̀tá náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tirẹ̀ lákòókò kan náà. Bí ẹ bá dìde lọ mu omi, kò ní dúró dè yín. Ní ti RPG, ẹnì kan lẹ gbé dání. Ó ní orúkọ, ó ní ìtàn, ó ń jà, ó ń kó ìrírí jọ, agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ẹ̀yin lẹ sì ń yan ohun tó máa mọ̀ ọ́n ṣe àti ohun tó máa gbé lọ́wọ́.

Géèmù tí à ń sọ níbí mú ẹni yẹn, ó fi í ṣáájú ogun. Àwa máa pè é ní akọni nínú ojú ewé yìí.

Ṣebí gbogbo géèmù ogun ló ní ọmọ ogun tó lágbára ju àwọn yòókù lọ? Kí ló wá yàtọ̀?

Ó ní, ṣùgbọ́n owó lè rà á padà. Nínú RTS lásán, bí ọkọ̀ ogun yín bá bàjẹ́, ẹ ó san owó, òmíràn á jáde, kò sì ní sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Akọni kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ló gbé sára: ọ̀tá tó ti pa, idán tí ẹ yàn fún un, òrùka tó rí he nínú igbó. Ìdí nìyẹn tí ọkàn ènìyàn fi máa ń bọ́ nígbà tí ẹ̀mí akọni bá kù díẹ̀, tí ogún ọmọ ogun lásán sì lè kú kí ẹ má tilẹ̀ mí kanlẹ̀.

Ìyàtọ̀ kejì ló ṣòro jù fún àwọn tó ń ṣe géèmù wọ̀nyí. Àwọn àgbà ní ẹni tó ń lé eku méjì yóò pòfo, eku méjì gan-an ni géèmù yìí sì ní kí ẹ lé. Ojú yín gbọ́dọ̀ wà nílé, kí àwọn òṣìṣẹ́ má baà jókòó láìṣe nǹkan kan. Ọwọ́ yín sì gbọ́dọ̀ wà lójú ogun, kí akọni má baà fi orí kó o. Bí géèmù kọ̀ọ̀kan ṣe yanjú wàhálà yìí ni mo fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ẹ máa rí i nísàlẹ̀ pé kò sí méjì tó yanjú rẹ̀ bákan náà.

Èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Warcraft III. Kò sí pé mò ń rò ó. Iléeṣẹ́ Blizzard tó ṣe é gbé apá àkọ́kọ́, Reign of Chaos, jáde ní oṣù keje ọdún 2002, àfikún rẹ̀, The Frozen Throne, tẹ̀ lé e ní 2003, títí di òní ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n àwọn yòókù. Ẹ̀yà mẹ́rin ló wà níbẹ̀: Human, Orc, Undead àti Night Elf. Ìtàn inú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbá, kí ẹ má tíì lọ bá ẹnikẹ́ni jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ìtàn náà ń kọ́ yín níṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ wà ní kíláàsì. Human ló ṣáájú nínú Reign of Chaos lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ kékeré tó wà fún ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Báwo ni akọni ṣe ń dàgbà nínú Warcraft III?

Ìpele 1 ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ìpele 10 ló sì ń parí sí nínú ìjà lásán. Ìpele kọ̀ọ̀kan ń fún yín ní pọ́ìǹtì kan. Idán mẹ́rin ni akọni kọ̀ọ̀kan ní: mẹ́ta tí ẹ lè kọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta-mẹ́ta, àti ọ̀kan tó ju gbogbo wọn lọ, tí ẹ̀ ń kọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì ní ṣí títí akọni fi dé ìpele 6. Ẹ rò ó pọ̀, mẹ́wàá géérégé ni. Ẹni tó bá dé òpin á mọ gbogbo rẹ̀, ìyẹn ni pé ohun tí ẹ̀ ń yàn gan-an kì í ṣe ohun tí ẹ máa mọ̀, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ mọ̀ ni. Nínú ìjà tí kì í pẹ́ lọ títí, tí akọni kì í sábà dé ìpele 10, ohun tó kọ́kọ́ wọlé ló ń pinnu gbogbo nǹkan.

Ẹ wo Paladin, ọ̀kan nínú àwọn akọni Human. Bí ẹ bá fi pọ́ìǹtì àkọ́kọ́ kọ́ Holy Light, ó lè wo ọmọ ogun kan sàn lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ẹ̀mí 200. Footman kan, ìyẹn ọmọ ogun lásán àwọn Human, tó ti fẹ́ kú máa padà sẹ́nu ìjà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ilé. Bí Undead sì ni ọ̀tá, ẹ lè ju Holy Light yẹn lù wọ́n, ó máa ń jó wọn.

Ẹ̀wẹ̀, akọni ní agbára ara, ìyára àti ọgbọ́n. Agbára ara ń fi kún ẹ̀mí rẹ̀, ìyára ń jẹ́ kó tètè máa nà, ó sì ń mú ara rẹ̀ le, ọgbọ́n ń fi kún máná tó fi ń ṣe idán. Àpò rẹ̀ gba nǹkan mẹ́fà péré. Ẹ má kó oògùn ẹ̀mí mẹ́fà sínú rẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sí oko.

Níbo ni màá ti rí ìrírí yẹn?

Inú igbó. Gbogbo máàpù ló ní àwọn ẹranko àti olóṣà tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, tí wọ́n ń ṣọ́ ihò góòlù àti ilé ìtajà. Ẹ ó pa wọ́n, ẹ ó gba ìrírí, ẹ ó gba góòlù, ẹ ó sì gba ohun tí wọ́n bá jù sílẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ṣú nínú géèmù, ọ̀pọ̀ wọn á sùn, ẹ lè rọra gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá.

Ṣùgbọ́n Blizzard fi ọgbọ́n kan síbẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an. Bí akọni bá ṣe ń ga sí i ni ìrírí tó ń rí lára àwọn ará igbó wọ̀nyí ń dín kù, tó bá sì ti dé ìpele 5, kò ní rí nǹkan kan lára wọn mọ́. Láti ibẹ̀ lọ, bí ẹ bá fẹ́ kó dàgbà, àfi kí ẹ jáde lọ bá ọ̀tá gan-an. Wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sá sínú igbó títí di alẹ́.

Kí ló dé tí góòlù mi ń dín kù nígbà tí ọmọ ogun mi pọ̀?

Owó ìtọ́jú ogun ni, ibí yìí sì ni ìdáhùn Warcraft III sí ọ̀rọ̀ eku méjì wà. Ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ń jẹ oúnjẹ: Footman ń jẹ 2, akọni ń jẹ 5. Títí dé oúnjẹ 50, gbogbo góòlù 10 tí òṣìṣẹ́ bá gbé jáde nínú ihò ni yóò wọlé. Tí ẹ bá ti kọjá 50, 7 ni yóò máa wọlé. Tí ẹ bá ti kọjá 80, 4 péré ni. 100 sì ni òpin gbogbo rẹ̀.

Àwọn tó ti gbá géèmù ogun tí wọ́n ti ń kó ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ọmọ ogun jọ máa ń bínú sí i. Ẹ dákẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Bí ogun bá kéré, ojú yín lè ká a. Ẹ máa mọ Footman tó ti fara gbọgbẹ́, ẹ máa fà á sẹ́yìn kó tó kú, ẹ máa rí àyè tẹ idán akọni lásìkò tó yẹ. Owó orí yẹn ló sọ ogun di ohun tí ọwọ́ ènìyàn kan lè ṣe. Láìsí i, akọni á kàn sọnù sínú èrò ni.

Akọni mi kì í pẹ́ kú. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ń yí i ká. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹni tó mọ̀ ọ́n kò ní pàṣẹ fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pé kí wọ́n lu akọni yín, torí pé bí ó bá pàṣẹ bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn á máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni, akọni á sì sá lọ. Ó máa pàṣẹ pé kí wọ́n sáré kọjá iwájú rẹ̀. Nígbà tí ẹni méjì bá ti gba iwájú, tí ẹni méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí àwọn tó kù ń bọ̀ lẹ́yìn, ó tẹ bọ́tìnì ìdúró. Ọ̀nà ti dí. Ẹ ó máa tẹ máòsì, akọni á máa yí ojú sí ọ̀tún, sí òsì, kò rí ibi gbà. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í nà án.

Oògùn rẹ̀ ni pé kí ẹ má jẹ́ kí akọni dá rìn níwájú àwọn ọmọ ogun yín, pàápàá nígbà tí ẹ bá ń sá. Nínú The Frozen Throne, akọni àkọ́kọ́ máa ń ní ìwé Town Portal lọ́wọ́, tó ń gbé òun àti àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ padà sílé. Góòlù 350 ni wọ́n ń ta òmíràn. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ rà á. Bí akọni bá kú, ẹ lè jí i ní pẹpẹ tí ẹ ti pè é, iye owó náà sì ń ga bí ìpele rẹ̀ ṣe ń ga. Tí ilé ọtí bá wà lórí máàpù, ẹ lè jí i níbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lówó tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, á sì jáde pẹ̀lú ara tí kò tíì yá tán. Akọni àkọ́kọ́ tí ẹ pè jẹ́ ọ̀fẹ́. Èkejì di góòlù 425 àti igi 100, mẹ́ta sì ni òpin.

Ṣé ìtàn inú rẹ̀ dáa, àbí ìjà nìkan ni?

Ó dáa, ó sì dáa nítorí pé ìpele akọni wà nínú ìtàn náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Arthas, ọmọ ọba Lordaeron, Paladin. Àjàkálẹ̀ ń sọ àwọn ará ìlú rẹ̀ di òkú tó ń rìn. Nígbà tó dé Stratholme, tó rí i pé wọ́n ti jẹ ọkà tó ní àrùn, ó ní kí wọ́n pa gbogbo ìlú náà kí àrùn tó mú wọn. Uther tó kọ́ ọ níṣẹ́ kọ̀, Jaina ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà yí ẹ̀yìn padà. Ẹ̀yin tó di máòsì mú lẹ máa pa àwọn ará ìlú yẹn, nítorí pé géèmù kò ní tẹ̀ síwájú bí ẹ kò bá ṣe é. Lẹ́yìn náà ló gba idà Frostmourne, ó sì di ẹni ibi.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí rèé. Nígbà tí Arthas padà wá gẹ́gẹ́ bíi Death Knight, akọni àwọn Undead, gbogbo ìpele tí ẹ ti fi òógùn kó jọ fún un ti lọ. Ìpele 1 ló tún ti bẹ̀rẹ̀, àwọn idán Paladin kò sí mọ́. Nínú The Frozen Throne, wọ́n tún ṣe èyí tó burú jù ú lọ: ó bẹ̀rẹ̀ ní ìpele 10, ṣùgbọ́n nítorí pé agbára Lich King tó ń sìn ń tán, ìpele rẹ̀ ń já wálẹ̀ bí ìtàn ṣe ń lọ. Ẹ̀ ń ṣẹ́gun, ẹ sì ń rọ. N kò rí géèmù púpọ̀ tó láyà láti gba ohun tí ènìyàn ti kó jọ padà lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má gbàgbé ìtàn Rexxar tó wà nínú The Frozen Throne. Kò sí ibùdó kíkọ́ níbẹ̀, RPG pátápátá ni: akọni, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, igbó àti iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń rán wọn. Apá kìíní nìkan ló kọ́kọ́ jáde, méjì tó kù sì dé lẹ́yìn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

SpellForce ńkọ́? Mo gbọ́ pé òun ló da méjèèjì pọ̀ jù.

Ó gbìyànjú jù, ìyẹn ni màá sọ. Phenomic, iléeṣẹ́ kan ní ìlú Ingelheim ní Jámánì, ló ṣe The Order of Dawn ní 2003. Volker Wertich tó ṣe The Settlers ló dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀. Warcraft III jẹ́ géèmù ogun tó yá akọni lò. SpellForce ní tirẹ̀ jẹ́ RPG gidi tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín rẹ̀: ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa yan ojú, irun àti irú ìjà tí jagunjagun yín máa kọ́, ẹ ó máa bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀, ẹ ó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Tí ẹ bá ti dé ibi òkúta ẹ̀yà kan, tí ẹ sì ní àmì rúnì tó bá a mu, ẹ lè pe òṣìṣẹ́ jáde, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ibùdó.

Ìdáhùn rẹ̀ sí eku méjì ni pé kí ẹ lé ọ̀kan tán kí ẹ tó lé èkejì. Àléébù rẹ̀ nìyẹn pẹ̀lú. Ẹ lè fi àkókò gígùn rìn kiri láìrí ibùdó, kí ẹ tún fi òmíràn jókòó sínú ibùdó tí igi, òkúta, irin àti oúnjẹ kò tó, ká má tíì sọ ti àwọn ohun àmúṣọrọ̀ inú ayé idán rẹ̀. Ó ń falẹ̀. Àmọ́ wọ́n ní ọgbọ́n kan tó wù mí: tí ẹ bá tẹ ọ̀tá kan, àwọn idán tí àwọn akọni yín lè fi bá a jà á hàn sójú ẹ̀rọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò sí pé ẹ̀ ń wá akọni kiri láàárín èrò.

Bí ẹ kò bá ní sùúrù fún èyí tó ti pẹ́, Grimlore Games ní ìlú Munich gbé SpellForce 3 jáde ní oṣù kejìlá 2017. Akọni yín àti ẹlẹgbẹ́ mẹ́ta ni ẹ̀ ń darí. Reforced ni kí ẹ rà, torí wọ́n ti tún ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe nínú rẹ̀.

Ṣé irú géèmù yìí wà ṣáájú Warcraft III?

Ó wà. Warlords Battlecry jáde ní 2000 láti ọwọ́ iléeṣẹ́ SSG ní Ọsirélíà, Steve Fawkner sì wà nídìí rẹ̀. Akọni kan náà lẹ máa ń gbé láti ìjà kan bọ́ sí òmíràn, pẹ̀lú gbogbo ìpele rẹ̀. Ojú àwòrán rẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ràn kí akọni máa dàgbà láìlópin, apá kẹta tó jáde ní 2004 ní ẹ̀yà 16. Nínú ọ̀wọ́ náà, ẹ lè yàn pé bí akọni yín bá kú, kó kú pátápátá. N kò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ bí inú yín bá máa ń tètè bàjẹ́.

Dawn of War II kò ní ibùdó kíkọ́ nínú ìtàn rẹ̀. Ṣé ó ṣì wà nínú wọn?

Ó wà. Relic, iléeṣẹ́ tó ṣe é ní Vancouver, ní Kánádà, pa eku kan kí ẹ tó dé ni. Nínú Dawn of War II tó jáde ní 2009, ẹ ò ní kọ́ ilé, ẹ ò ní wa nǹkan kan. Ikọ̀ mẹ́rin lẹ̀ ń kó lọ sójú ogun, ikọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú olórí tirẹ̀. Avitus gbé ìbọn ńlá, ẹ ní láti gbé e kalẹ̀ kí ó kọ ojú síbi tí ọ̀tá á gbà yọ. Thaddeus ń fò wọ àárín wọn. Cyrus ń fi ara pamọ́ lọ sẹ́yìn wọn. Lẹ́yìn ìjà, ẹ ó pín ohun ìjà àti aṣọ irin tí ẹ rí he fún wọn.

Chaos Rising tó tẹ̀ lé e ní 2010 ló dára jù lójú tèmi. Ó ń ka ìwà ìbàjẹ́ sí olúkúlùkù wọn lọ́rùn: àwọn ohun ìjà kan lágbára ṣùgbọ́n wọ́n ń ba ẹni tó gbé wọn jẹ́, bákan náà ni àwọn ìpinnu kan. Ọ̀kan nínú wọn máa dalẹ̀ yín níkẹyìn, bí ẹ sì ti ṣe lo wọ́n wà lára ohun tó ń pinnu ẹni tó máa jẹ́.

Mount & Blade náà ńkọ́?

Ìbátan rẹ̀ ni. TaleWorlds ní Ankara, ní Tọ́kì, ló ṣe é. Àkọ́kọ́ jáde ní 2008, Bannerlord sì parí ní oṣù kẹwàá 2022. Níbẹ̀ ẹ wà nínú ara akọni gan-an, lórí ẹṣin, ẹ̀ ń pàṣẹ fún àwọn tafàtafà láàárín eruku. Ẹ ò rí ogun láti òkè. Àwọn kan kì í kà á mọ́ RTS, n kò sì ní bá wọn jà.

Ṣé òótọ́ ni pé inú Warcraft III ni DotA ti jáde?

Òótọ́ ni. Blizzard fi ẹ̀rọ tí ènìyàn lè fi ṣe máàpù tirẹ̀ sínú géèmù náà. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Eul lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi ṣe Defense of the Ancients ní 2003. Máàpù StarCraft kan tí wọ́n ń pè ní Aeon of Strife ló fún un ní èrò náà. Steve Feak tí wọ́n mọ̀ sí Guinsoo mú ẹ̀dà rẹ̀ kan tó ń jẹ́ DotA Allstars dàgbà, lẹ́yìn náà ó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn tó ń jẹ́ IceFrog. Feak lọ sí iléeṣẹ́ Riot, League of Legends sì jáde ní 2009. IceFrog lọ sí iléeṣẹ́ Valve, Dota 2 sì jáde ní kíkún ní 2013. Blizzard àti Valve bá ara wọn fa orúkọ DotA títí wọ́n fi parí rẹ̀ ní 2012.

Ẹ wo ohun tí DotA ṣe sí eku méjì. Ó gbé ibùdó, òṣìṣẹ́ àti àwọn ọmọ ogun lásán, ó kó gbogbo wọn lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, ó ní kí ẹ mú akọni kan ṣoṣo. Ìdajì géèmù ló jù nù, ìdajì tó kù sì wá di èyí tí àwọn ènìyàn gbá ju odindi lọ.

Ṣé ìyẹn ló fà á tí wọn kì í ṣe irú géèmù yìí púpọ̀ mọ́?

Lójú tèmi, òun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ akọni nìkan ti rí Dota àti League, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì jẹ́ láti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ìtàn ti rí RPG tó ń ṣe ìtàn lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Ẹni tó fẹ́ méjèèjì pọ̀ kò tó nǹkan, géèmù rẹ̀ sì wọ́n láti ṣe, torí pé géèmù méjì ni ẹ máa kọ́ nínú ọ̀kan, kí ẹ tún wá mú kí wọ́n bára mu. Iléeṣẹ́ Electronic Arts ra Phenomic tó ṣe SpellForce ní 2006, ó sì tì í pa ní 2013.

Warcraft III náà kò bọ́ nínú wàhálà. Reforged, àtúnṣe rẹ̀ tó jáde ní oṣù kìíní 2020, bí àwọn ènìyàn nínú débi pé Blizzard ní láti máa dá owó padà, nítorí pé àwọn nǹkan tí wọ́n ti fi hàn tẹ́lẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àtúnṣe 2.0 tó dé ní oṣù kọkànlá 2024 sàn jù, ẹ sì lè yan àwòrán àtijọ́ bó bá wù yín.

Ṣé wọ́n ṣì ń fi díje?

Bẹ́ẹ̀ ni, ní Ṣáínà pàápàá. Li Xiaofeng, tí wọ́n ń pè ní Sky, gba ife World Cyber Games, ìdíje géèmù àgbáyé, fún Ṣáínà ní 2005 àti 2006, ìyẹn sì sọ ọ́ di gbajúmọ̀ nílẹ̀ náà. Manuel Schenkhuizen ti Netherlands, Grubby, gba tirẹ̀ ní 2004 àti 2008. Bí ẹ bá fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń yí akọni ká, ẹ wá ìjà Grubby lórí YouTube.

Irú láptọ́ọ̀pù wo ló lè gbé e?

Warcraft III ti 2002 kò béèrè ju RAM 128 MB lọ, láptọ́ọ̀pù àlòkù èyíkéyìí tó wà ní Computer Village á gbé e láìsí wàhálà. Èyí tó ń tà báyìí ni Reforged, ó sì ń fẹ́ àyè tó tó nǹkan bí GB 30 àti RAM 4 GB ó kéré tán. Dátà tí ẹ máa fi gbà á wálẹ̀ ni kí ẹ ro. Ẹ ṣe é lóru bí ẹ bá ní dátà òru. SpellForce àkọ́kọ́ àti Warlords Battlecry wà lórí GOG, ilé ìtajà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì fúyẹ́.

Ní ti iná: ẹ máa fi géèmù pamọ́ lóòrèkóòrè nínú ìtàn, pàápàá kí ẹ tó wọ ìjà ńlá. Tí iná bá lọ láàárín ìjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ti pàdánù nìyẹn, kò sí ẹni tó máa gbọ́ àlàyé. Ẹ yan Europe nígbà tí ẹ bá ń wọlé sí Battle.net, ibi tí Blizzard ti ń so àwọn agbágéèmù pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti Nàìjíríà, òun ló sún mọ́ wa jù.

Fóònù ńkọ́?

Èyí tí wọ́n da méjèèjì pọ̀ dáadáa kò wọ́pọ̀ lórí fóònù. Ohun tó wà níbẹ̀ ni àwọn ọmọ DotA, bíi Mobile Legends: Bang Bang tó jáde ní 2016 àti Wild Rift. Wọ́n dùn, ṣùgbọ́n ibùdó kò sí nínú wọn.

Ṣé a rí Yorùbá nínú irú géèmù wọ̀nyí?

Nínú èyí tó sún mọ́ ọn, a rí i. Age of Empires III: Definitive Edition gbé The African Royals jáde ní 2021. Hausa àti Ethiopia ni ìjọba méjì tí ẹ lè yàn níbẹ̀. Yorùbá wà lórí àwọn máàpù Áfíríkà kan gẹ́gẹ́ bí ìlú tí ẹ lè bá dọ́rẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì máa fún yín ní ẹlẹ́ṣin Ẹ̀ṣọ́. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ọ̀yọ́ á mọ irú èèyàn tí Ẹ̀ṣọ́ jẹ́. RTS ni géèmù náà, ṣùgbọ́n ìlú ńlá yín nínú rẹ̀ ń gba ìrírí, ó sì ń ga ní ìpele bíi ti akọni.

Ṣé ọmọdé lè gbá a?

Warcraft III wà fún ọmọ ọdún 13 sókè. Dawn of War II ní ẹ̀jẹ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀ fún àgbà.

Ṣé èmi àti ọ̀rẹ́ mi lè jọ gbá a láìbá ara wa jà?

Ìtàn Dawn of War II gba ènìyàn méjì láti apá àkọ́kọ́: ẹ ó pín ikọ̀ mẹ́rin náà láàárín ara yín, méjì-méjì. Nínú Warcraft III, ẹ lè jọ dojú kọ kọ̀ǹpútà. Tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹnì kan mú akọni tó ń wo ènìyàn sàn, kí ẹnìkejì mú èyí tó ń gba iwájú, kí ẹ sì fi góòlù ránṣẹ́ síra yín nígbà tí ti ẹnì kan bá tán. Ẹ sọ ọ́ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ pé ta ló máa ra Town Portal.